Ọdún 33 ni Bertil fi dúró kó tó fẹ́ Lilian: ẹ̀yin ará ilé, ta lẹ máa bá wí?

Àníkẹ́_Peckham

Ẹ kú àárọ̀ o gbogbo ilé. Mo mọ̀ pé tí ẹnìkan bá ti ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àwọn ọmọ ọba òyìnbó, Charles àti Diana ni gbogbo wa máa sáré lọ bá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ káwọn yẹn sinmi lónìí, ti Síwídìnì ni mo gbé wá, torí ọ̀rọ̀ náà ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ọ.

Ọmọ ọba kan wà tó ń jẹ́ Bertil. Bàbá ẹ̀ ló padà wá di ọba Gustaf VI Adolf. Nígbà ogun àgbáyé kejì wọ́n gbé Bertil wá sí London níbí, iṣẹ́ ológun ojú omi ló ń bá ẹ́ńbásì wọn ṣe. 1943 ló pàdé ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí sí Swansea ní Wales, Lilian lorúkọ ẹ̀. Ilé ọkọ ni Lilian wà nígbà yẹn o, òṣèré lọkọ ẹ̀, Ivan Craig, ogun ló gbé e lọ. Nígbà tí ọkọ máa fi dé, òun náà ti rí ẹlòmíì níbi tó lọ, ni wọ́n bá tú ká wọ́ọ́rọ́wọ́ láìsí ìjà láìsí ìta. Ẹ máa rò pé ìyàwó ti délé nìyẹn, àbí? Rárá o. Òfin Síwídìnì ìgbà yẹn sọ pé ọmọ ọba tó bá lọ fẹ́ ọmọ ẹni tí kì í ṣe ìdílé ọba, ẹ̀tọ́ ẹ̀ sórí ìtẹ́ ti bọ́ nìyẹn, tòun tàwọn ọmọ ẹ̀. Ni wọ́n bá ń dúró. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n nílé ní Djurgården ní Stockholm, wọ́n tún ní òmíì ní Sainte-Maxime ní Faransé, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè pè é níyàwó lójú gbogbo ayé. 7 December 1976 ni wọ́n tó dé iwájú àlùfáà nínú ààfin Drottningholm. Ọkọ ti pé ọdún 64, ìyàwó ti pé 61. Ọmọ ò sí.

Ẹ bá mi dá sí i. Bertil ni ká bá wí tí ò lè fi oyè sílẹ̀, àbí bàbá ẹ̀, àbí òfin?

Ọmọ_Mesìọ̀gọ̀

Àǹtí Àníkẹ́ ẹ kú iṣẹ́. Ọdún 33 kẹ̀! Ẹni tó bá bímọ ní 1943, ọmọ yẹn á ti bí ọmọ tiẹ̀ kí àwọn wọ̀nyí tó gé kéèkì. Èmi ò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ o, oyè ló wu Bertil ju obìnrin lọ. Edward ti ìlú ọba ńkọ́? Ọba ni, adé wà lórí ẹ̀, December 1936 ló bọ́ ọ lélẹ̀ nítorí Wallis Simpson tó ti kọ ọkọ kan tó tún ń kọ èkejì lọ́wọ́, June ọdún kejì ó ti fẹ́ ẹ ní Faransé. Ẹni tó wà lórí ìtẹ́ lè sọ̀ kalẹ̀, Bertil tí ò tiẹ̀ sún mọ́ ìtẹ́ wá lóun ò lè gbéra. Ẹ gbà mí.

Baba_Ìwé

Ọmọ Mesìọ̀gọ̀, ọ̀rọ̀ ẹ dùn létí, àmọ́ o ò ka àwọn tó kù nílé. Jẹ́ n kà wọ́n fún ẹ.

Ọmọkùnrin mẹ́rin ni Gustaf VI Adolf bí. Àkọ́bí ń jẹ́ Gustaf Adolf bíi bàbá ẹ̀, òun ni gbogbo ìlú ń wò pé ó máa jọba lọ́jọ́ iwájú. Sigvard ló tẹ̀lé e, 1934 ló fẹ́ Erica Patzek, ọmọ Jámánì tí bàbá ẹ̀ kì í ṣe ọba, wọ́n gba oyè ọmọ ọba lọ́wọ́ ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Bertil ló kàn. Àbíkẹ́yìn ni Carl Johan, òun náà fẹ́ Kerstin Wijkmark ní 1946, akọ̀ròyìn nìyẹn, oyè tiẹ̀ náà lọ. Kódà Lennart tí bàbá ẹ̀ jẹ́ àbúrò Gustaf VI Adolf ti ṣe irú ẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn ní 1932, ó gba Jámánì lọ, ó lọ ń tọ́jú òdòdó ní erékùṣù Mainau, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lọ wo ibẹ̀ títí dòní.

Ó wá di 26 January 1947. Ọkọ̀ òfuurufú tí àkọ́bí yẹn wọ̀ já lulẹ̀ ní Kastrup ní Copenhagen, kò sẹ́ni tó yè nínú ẹ̀. Ọmọbìnrin mẹ́rin ló fi sílẹ̀ àti ọkùnrin kan ṣoṣo, Carl Gustaf, tí ò tíì pé ọmọ oṣù mẹ́sàn-án. Òfin wọn ò sì ka obìnrin. Ọba tó wà lórí ìtẹ́, Gustaf V, ti di ẹni ọdún 88, Àrẹ̀mọ ẹ̀ tó jẹ́ bàbá Bertil ti di 64. Táwọn àgbà méjèèjì bá lọ kí ọmọ yìí tó dàgbà, ta ló máa ṣe adelé? Nínú ọmọ tí Gustaf VI Adolf bí, Bertil nìkan lòfin ṣì mọ̀. Ohun tó dè é mọ́lẹ̀ nìyẹn. Ká ní 1946 ló gbé Lilian níyàwó, wọ́n á bú u, wọ́n á gba oyè ẹ̀, ó parí. Lẹ́yìn January 1947, ilẹ̀kùn ti tì.

Ìyá_Ìbejì

Gbogbo yín ẹ̀ ń sọ ti Bertil, Bertil. Ẹ tiẹ̀ jẹ́ ká bi Lilian. Nígbà tó pàdé ọkùnrin yìí ẹni ọdún 28 ni. Nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú yẹn já ó ti ń lọ sí 32. Ní àkókò tí obìnrin fi lè bímọ, ó wà nínú ilé ọmọ ọba bí àlejò tí ò ní lọ. Tó bá sì bímọ níta ìgbéyàwó, ìyọnu míì nìyẹn fún gbogbo ìdílé. Ọkùnrin ló ń ṣe adelé-ọ̀la, obìnrin ló ń san owó ẹ̀. Mo kà á pé wọ́n fẹ́ràn ara wọn dójú ikú, mi ò jiyàn, mo kàn ń sọ pé tí wọ́n bá ń pín ìyà, ti Lilian ló pọ̀ jù.

Ọmọ_Mesìọ̀gọ̀

Ìyá Ìbejì ẹ ti parí ẹ̀. Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn, ẹ kàn fi ọgbọ́n àgbà sọ tiyín.

Àníkẹ́_Peckham

Ẹ jẹ́ n fi kún un, Ìyá Ìbejì, kò sẹ́ni tó de Lilian mọ́bẹ̀ o. Àgbàlagbà ni, ó ti kọ ọkọ kan rí, ó mọ ọ̀nà ilé wọn ní Wales. Ó mọ ohun tó ń dúró dè.

Ṣìkẹ́mi_02

Ẹ̀yin àgbà ẹ kú ọ̀rọ̀. Ìbéèrè kékeré ni mo ní o, ẹ má bínú. Ìdílé ọba tí ò fẹ́ kí ọmọ mẹ̀kúnnù wọlé wọn yìí, ibo làwọn gan-an ti wá? Ṣé ìran wọn ti ń jọba láti ayébáyé ni?

Baba_Ìwé

Áà! Ṣìkẹ́mi, o ṣeun ọmọ mi, ibi tí mò ń lọ gan-an lo dé yẹn.

Ọmọ lọ́yà ìlú Pau ní Faransé ni baba ńlá wọn, Jean-Baptiste Bernadotte. Ṣọ́jà lásán ló fi wọ iṣẹ́ ológun ní 1780, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí Napoleon fi sọ ọ́ di ọ̀gá ológun ńlá. Ọba Síwídìnì ìgbà yẹn, Carl XIII, kò lárólé, ni wọ́n bá ń wá ẹni tó máa rọ́pò ẹ̀, 1810 ni wọ́n lọ mú Bernadotte wá láti Faransé, wọ́n fi ṣe Àrẹ̀mọ, ní 1818 ó di ọba. Kò gbọ́ èdè wọn. Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Désirée Clary, ọmọ oníṣòwò sílíìkì ní Marseille! Òun ni àfẹ́sọ́nà Napoleon tẹ́lẹ̀ kí Napoleon tó rí Joséphine. Nígbà tí Désirée dé Stockholm òtútù lé e, ó padà sí Paris, 1823 ló tó padà wá jókòó ti ọkọ ẹ̀.

Ìdílé yìí náà ló wá ń lé àwọn ọmọ bíbí inú ẹ̀ síta pé wọ́n fẹ́ ọmọ oníṣòwò.

Ṣìkẹ́mi_02

😂😂😂 mo ti kú. Ọmọ oníṣòwò ni ìyá ńlá yín, ẹ wá ń bínú sí ọmọ oníṣòwò.

Ọmọ_Mesìọ̀gọ̀

Bí ọ̀rọ̀ àwọn olówó tuntun ṣe rí náà nìyẹn, ẹni tó dé lánàá ló máa ń ti géètì jù. Àwọn ìdílé tó ti ń jọba látọjọ́ pípẹ́ ọkàn wọn balẹ̀.

Baba_Ìwé

Rárá o, ibẹ̀ yẹn mi ò bá ẹ lọ. Àwọn Habsburg ti Ọ́sítíríà ti ń jọba láti ọ̀rúndún kẹtàlá, àwọn ló le jù nínú gbogbo wọn. Franz Ferdinand tó jẹ́ àrólé wọn fẹ́ Sophie Chotek. Ẹ fetí sí i o, Sophie yìí kì í ṣe mẹ̀kúnnù rárá, ìdílé ọlọ́lá ló ti wá, wọ́n kàn ní kò tó tàwọn. 28 June 1900 wọ́n mú ọkùnrin yìí búra pé àwọn ọmọ tí Sophie bá bí kò ní jogún ìtẹ́ láé, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó jẹ́ kó fẹ́ ẹ. Nínú ààfin, ẹ̀yìn àwọn ọmọ ọba obìnrin tó kéré jù lọ ni Sophie ń tò sí tí wọ́n bá ń wọlé fún àríyá, ọkọ ẹ̀ á wà níwájú, òun á wà lẹ́yìn pátápátá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ yìnbọn pa ní Sarajevo, 28 June 1914, ọdún 14 géérégé sí ọjọ́ ìbúra yẹn, ogun àgbáyé kìíní sì tẹ̀lé e. Kódà nígbà tí wọ́n kú tán, Artstetten ni wọ́n sin wọ́n sí, torí wọn ò lè gbé Sophie wọ ibojì àwọn ọba ní Vienna, Franz Ferdinand sì ti sọ pé òun ò ní sùn síbi tí ìyàwó òun ò bá lè sùn.

Ìyẹn lọkùnrin lójú tèmi.

Kúnlé_Bergen

Ẹ jẹ́ kí ará Nọ́wè náà sọ tiẹ̀, torí ìgbàkígbà tẹ́ẹ bá sọ̀rọ̀ Síwídìnì ẹ máa ń gbàgbé aládùúgbò. Ọba tiwa níbí, Harald, òun náà dúró. Kì í ṣe ọdún 33 o, ọdún mẹ́sàn-án. 1959 ló pàdé Sonja Haraldsen, bàbá Sonja ń ta aṣọ ní Oslo. Ọba Olav, bàbá Harald, kò gbà. Harald wá sọ fún bàbá ẹ̀ pé tí kì í bá ṣe Sonja, òun ò ní fẹ́ obìnrin kankan títí òun á fi kú. Ẹ rántí pé Harald nìkan ni ọmọkùnrin tí Olav bí, obìnrin kì í sì í jọba ní Nọ́wè nígbà yẹn, 1990 ni wọ́n tó yí òfin yẹn padà. Nítorí náà tí Harald ò bá bímọ, ìdílé ti parí. Olav lọ bá ìjọba, ó lọ bá àwọn aṣáájú ilé ìgbìmọ̀, ó gbọ́ ẹnu wọn, 29 August 1968 ni wọ́n ṣègbéyàwó nínú Kàtídírà Oslo. Wọ́n ṣì wà pọ̀ di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n Harald tún ṣe mí ní kàyéfì. Obìnrin méjì ni, Ragnhild àti Astrid, àwọn méjèèjì fẹ́ mẹ̀kúnnù ṣáájú àbúrò wọn, kò sí wàhálà tó tó bẹ́ẹ̀ yẹn. Ragnhild fẹ́ oníṣòwò ọkọ̀ ojú omi, Erling Lorentzen, ní 1953, wọ́n kó lọ sí Brazil, ibẹ̀ náà ló sì kú sí ní 2012. Obìnrin ò jọba, nítorí náà kò sẹ́ni tó bìkítà.

Ọmọ_Mesìọ̀gọ̀

ẸẸẸHN! Ẹ rí i báyìí? Kúnlé, ìwọ lo wá gbè mí. Harald dúró gbọnin, ó sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin, wọ́n gbà fún un. Kí ló dé tí Bertil ò lè sọ fún bàbá ẹ̀ pé "ẹ jẹ́ n fẹ́ ẹ tàbí kẹ́ẹ wá adelé míì"?

Kúnlé_Bergen

Ẹ̀gbọ́n, kò jọra. Harald ní nǹkan tó fi dẹ́rù bà wọ́n, tó bá kọ̀, ìtẹ́ òfo. Bertil ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Ọmọ ọwọ́ yẹn ti wà nílẹ̀, òun gan-an ni àrólé, Bertil kàn wà níbẹ̀ fún bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Bó bá ní òun ń lọ, ìtẹ́ á ṣì lẹ́ni tó ń dúró dè é, ohun tó máa dá sílẹ̀ ò ju pé ọmọdé lè jọba láìsí ẹ̀gbọ́n bàbá tó máa dì í mú. Bàbá ẹ̀ lè rọra sọ pé "máa lọ" pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ọmọ tó bá mọ̀ pé bàbá òun ò ní fi ipá mú òun, òun gan-an ló máa ń ṣòro fún láti lọ.

Ìyá_Ìbejì

Kúnlé, o ti lọ́mọ? O sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti lọ́mọ.

Kúnlé_Bergen

Kò tíì sí mà, ẹ bá mi ṣàdúrà.

Ìyá_Ìbejì

Olúwa á ṣe é. Ìwọ náà má dúró fún ọdún 33 o.

Ṣìkẹ́mi_02

Ṣé a ò ní sọ ti Meghan rárá ni? Ọmọ wa ni o, òun fúnra ẹ̀ sọ ní 2022 pé wọ́n ṣe àyẹ̀wò ìran òun, wọ́n bá Nàìjíríà 43% níbẹ̀. May 2024 òun àti Harry sì wá sí Abuja àti Eko. Ẹ jẹ́ ká sọ tiwa.

Alábòójútó

Ṣìkẹ́mi, ọ̀rọ̀ Meghan ní ojú ewé tiẹ̀, ó ti gùn ju ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ lọ, ìjà sì ti pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká dúró lórí àwọn tó dúró de ìgbéyàwó.

Baba_Ìwé

Kí n tó dákẹ́ lórí ìyẹn, ẹ jẹ́ n sọ gbólóhùn méjì. Tó bá jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ wọ ìdílé ọba tó ń jọba ní Yúróòpù lóde òní lẹ̀ ń wá, Angela Brown ni, ọmọ Panama, tó fẹ́ ọmọ ọba Maximilian ti Liechtenstein ní New York ní January 2000, ọdún 18 ṣáájú Meghan. Wọn ò pariwo ẹ̀ ni. Ọmọ ọba tiwa gan-an tó wọ ààfin Victoria, ọba obìnrin ìlú ọba, kì í ṣe ìyàwó ibẹ̀, Aina ni, ọmọ Ẹ̀gbádò tí ogun Dahomey kó, tí Captain Forbes gbà lọ́wọ́ ọba Ghezo ní 1850 tó sì gbé dé ọ̀dọ̀ Victoria. Ọba obìnrin yẹn tọ́ ọ bí ọmọ, ní August 1862 ni Aina fẹ́ James Davies, ọmọ Yorùbá, ní Brighton. Ẹ wò ó dáadáa, ìdílé ọba ló ń yan ọkọ fún Aina náà, òun kọ́kọ́ lóun ò fẹ́. Ó tán.

Àníkẹ́_Peckham

Ẹ ṣeun bàbá. Ẹ jẹ́ ká padà sí Síwídìnì torí ibi tó dùn jù ni mi ò tíì dé. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án yẹn, Carl Gustaf, dàgbà. 1972 ó lọ wo òlíńpíìkì ní Munich, ibẹ̀ ló ti rí Silvia Sommerlath tó ń ṣiṣẹ́ gba àlejò. Bàbá Jámánì, ìyá ọmọ Brazil, São Paulo ni Silvia ti lo ìgbà èwe ẹ̀. Kì í ṣe ọmọ ọba. Ká ní ìgbà yẹn ló fẹ́ ẹ, ó ti pàdánù ìtẹ́ nìyẹn, bíi ti àwọn àbúrò bàbá ẹ̀. Àmọ́ September 1973 bàbá bàbá ẹ̀ kú lẹ́ni ọdún 90, Carl Gustaf jọba lẹ́ni ọdún 27. Òfin yẹn sì wà fún àwọn ọmọ ọba, kò de ọba fúnra ẹ̀! Ni ọkùnrin bá fẹ́ Silvia ní 19 June 1976, ABBA kọrin fún wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan ó fọwọ́ sí i kí Bertil fẹ́ Lilian. Bertil ò pàdánù oyè, ó ṣì jẹ́ ọmọ ọba, Lilian náà di ọmọ ọba lọ́jọ́ kan náà.

Ìyá_Ìbejì

Ọmọ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ní kí ọkùnrin yìí má fẹ́ ìyàwó, òun ló wá tú u sílẹ̀. Hmm. Ó dáa kó jẹ́ òun.

Baba_Ìwé

Ẹ má tíì máa yìn ín. Ẹ bi í pé Sigvard ńkọ́.

Sigvard tí wọ́n gba oyè lọ́wọ́ ẹ̀ ní 1934 yẹn ò jókòó kó máa sunkún o. Ó di ẹni tó ń ya bátànì nǹkan ìlò, ó lókìkí gan-an. Tí ẹ bá wọ ilé ìdáná àwọn ará Dẹ́ńmákì, ẹ máa rí abọ́ oníke kan tí wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun, tí wọ́n ń pè ní abọ́ Margrethe, láti ilé iṣẹ́ òun àti Acton Bjørn ni abọ́ yẹn ti jáde láàárín ọdún 1950 sí 1959. Margrethe tí wọ́n sọ abọ́ ní orúkọ ẹ̀ ni ọmọ àbúrò ẹ̀ obìnrin, Ingrid, òun náà ló padà di ọba obìnrin Dẹ́ńmákì. Nígbà tí Carl Gustaf wá fẹ́ Silvia, tó tún fún Bertil láyè, Sigvard ní ó dáa, ẹ dá oyè tèmi náà padà, ìyàwó tẹ́ ẹ fẹ́ àti èyí tí mo fẹ́ kò yàtọ̀. Ọba kọ̀. Láti 1983 Sigvard kàn ń pe ara ẹ̀ ní ọmọ ọba, ó gbé ẹjọ́ kiri, ààfin ò dáhùn, bẹ́ẹ̀ náà ló kú ní 2002 lẹ́ni ọdún 94.

Ẹni tó dúró jèrè, ẹni tó lọ pàdánù. Mesìọ̀gọ̀, ìwọ tó ní kí Bertil lọ, ohun tó ń dúró dè é níta nìyẹn.

Ọmọ_Mesìọ̀gọ̀

Bàbá, Sigvard gbé ìyàwó tó wù ú, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, gbogbo ilé ìdáná Dẹ́ńmákì ló ní abọ́ ẹ̀. Lójú tèmi Sigvard ò pàdánù nǹkan kan. Ta ló mọ ohun tí Bertil ṣe?

Baba_Ìwé

Ìyàwó mẹ́ta ló fẹ́ tẹ̀léra, èyí tó tìtorí ẹ̀ pàdánù oyè kò pẹ́ tí wọ́n fi tú ká.

Ọmọ_Mesìọ̀gọ̀

Ìyẹn ò yẹ kẹ́ẹ sọ ọ́ síta 😭

Ìyàwó_Pásítọ̀

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti ń kà á láti òkè. Ẹ ò mẹ́nu kan ti ìjọ Ọlọ́run rárá, òfin ìlú nìkan lẹ̀ ń sọ. Margaret àbúrò Elizabeth ń kọ́? Peter Townsend ló fẹ́, ọkùnrin tó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́, akọni awakọ̀ òfuurufú nígbà ogun, àmọ́ ó ti kọ ìyàwó ẹ̀. Ìjọ Áńgílíkà ìgbà yẹn ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Wọ́n gbé Townsend lọ sí Brussels, 31 October 1955 Margaret kéde fún gbogbo ayé pé òun ò ní fẹ́ ẹ mọ́, ó ní òun rántí ẹ̀kọ́ ìjọ. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Lẹ́yìn náà ó fẹ́ ayàwòrán Antony Armstrong-Jones ní 1960, ó tú ká ní 1978.

Àníkẹ́_Peckham

Màmá ẹ kú àtijọ́. Mo fẹ́ kẹ́ẹ gbọ́ èyí: ní 2004 wọ́n ṣí àwọn ìwé ìjọba sílẹ̀ fún aráyé, wọ́n rí i pé ìjọba Eden, olórí ìjọba ìgbà yẹn, ti ń to ètò kan pé tó bá fẹ́ Townsend, ẹ̀tọ́ sórí ìtẹ́ nìkan ló máa lọ, oyè ẹ̀ àti owó tí ìjọba ń fún un ò ní kúrò. Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn nínú ìwé ìròyìn nígbà yẹn ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ. Ìjọ yẹn kan náà, 2005, wọ́n ṣàdúrà fún Charles àti Camilla ní Windsor, àwọn méjèèjì ti kọ ọkọ kọ ìyàwó. Anne àbúrò Charles náà tó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó kejì ní December 1992, Scotland ló gbà lọ, ìjọ tibẹ̀ ò fojú burúkú wo ìkọ̀sílẹ̀.

Ìyàwó_Pásítọ̀

Mo gbọ́. Àsìkò yí padà. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ò yí padà, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀.

Ẹ ẹ́, ìgbéyàwó Victoria ti Síwídìnì, ọmọ Carl Gustaf, tí mo wò ní tẹlifíṣàn, mo rí i pé bàbá ẹ̀ mú un lọ́wọ́ dé àárín ṣọ́ọ̀ṣì, ó wá fà á lé ọkọ lọ́wọ́ lọ́nà, kò mú un dé pẹpẹ. Mo ti ń bi ara mi pé kí ló fà á.

Kúnlé_Bergen

Ìjà ńlá lẹ rí yẹn mà! Ní Síwídìnì ọkọ àti ìyàwó ni wọ́n jọ máa ń rìn wọlé, ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bàbá ò fa ẹnì kankan lé ẹnì kankan lọ́wọ́. Victoria lóun fẹ́ kí bàbá òun mú òun wọlé. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà wọn, Anders Wejryd, lóun ò fara mọ́ ọn, pé ìyẹn ń fi obìnrin hàn bí ẹrù tí bàbá ń gbé fún ọkọ. Àwọn èèyàn pín sí méjì. Wọ́n wá pàdé láàárín, ọba mú un dé ibi tí Daniel, ọkọ ìyàwó, dúró sí, àwọn méjèèjì jọ rìn dé pẹpẹ. 19 June 2010, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti ìyá àti bàbá ẹ̀ ní 1976.

Ìyàwó_Pásítọ̀

Ẹrù kẹ̀! Bàbá tó bí ọmọ! Tí bàbá ò bá fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́ ta ló máa fà á? Òyìnbó á máa fi ìwé kíkà ba nǹkan jẹ́.

Ìyá_Ìbejì

Èmi bá bíṣọ́ọ̀bù lọ o. Obìnrin tó máa jọba lórí gbogbo ìlú, ta ló ń fà á lé ta lọ́wọ́?

Ṣìkẹ́mi_02

Daniel yẹn ni ìfẹ́ mi! Tírénà ni, òun ló ń kọ́ Victoria ní jíìmù ní Stockholm, ọmọ abúlé Ockelbo. Kíndìnrín ẹ̀ ò dáa, 2009 bàbá ẹ̀ yọ ọ̀kan fún un, ọdún kejì ó gbéyàwó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó ó dìde sọ̀rọ̀, ó ní ìgbà kan Victoria fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí China fún oṣù kan, alẹ́ tó ṣáájú ẹ̀ ni Victoria ti iṣẹ́ dé, ó rẹ̀ ẹ́, kò sì sùn, ó jókòó kọ lẹ́tà 30 sílẹ̀ fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọn ò ní rí ara wọn. Ẹ̀yin ọkùnrin ilé yìí, ta ló rí irú ẹ̀ gbà rí?

Ọmọ_Mesìọ̀gọ̀

Èmi rí ti ilé iṣẹ́ iná mànàmáná gbà lóṣooṣù.

Baba_Ìwé

Daniel ṣoríire, wọ́n sọ ọ́ di ọmọ ọba, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Henrik ti Dẹ́ńmákì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Faransé ni, ó fẹ́ Margrethe yẹn ní 1967, gbogbo ayé ẹ̀ ló fi ń bínú pé ìyàwó ọba máa ń di olorì, ọkọ ọba obìnrin ò sì lè di ọba. Ní 2017 ó kéde pé wọn ò gbọdọ̀ sin òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó òun ní Roskilde, níbi tí wọ́n ń sin àwọn ọba wọn sí. February 2018 ó kú, wọ́n sun ún, wọ́n da ìdajì eérú sójú omi Dẹ́ńmákì, ìdajì yòókù wà nínú ọgbà ààfin Fredensborg. Ọdún 50 nínú ìgbéyàwó o.

Ìyá_Ìbejì

Lilian dúró ọdún 33 láìní oyè kankan kò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin gba oyè ọmọ ọba lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní kò tó.

Ọmọ_Mesìọ̀gọ̀

Àǹtí Àníkẹ́, ẹ ò sọ bó ṣe parí fún wọn. Lẹ́yìn gbogbo ìdúró yẹn, ọdún mélòó ni wọ́n tiẹ̀ lò?

Àníkẹ́_Peckham

Ogún ọdún. Bertil kú ní January 1997. Lilian ò padà sí Wales, ó dúró sí Stockholm, ìlú fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, ó ń lọ síbi àsè Nobel lọ́dọọdún nígbà tí ara ṣì gbé e. March 2013 ló kú, ẹni ọdún 97, ẹ̀gbẹ́ ọkọ ẹ̀ ni wọ́n sin ín sí ní ibojì ọba ní Haga.

Ọ̀rọ̀ yín kò tíì yí mi lọ́kàn padà o. Mo ṣì ń bá Gustaf VI Adolf wí. Nígbà tí Carl Gustaf fi pé ọdún 18 ní 1964, ọ̀rọ̀ adelé ọmọ ọwọ́ ti tán nílẹ̀. Bàbá ì bá ti tú Bertil sílẹ̀ nígbà yẹn, Lilian ò ì tíì pé 50. Ọdún 12 tó kù yẹn, kí ni wọ́n fi ṣe?

Baba_Ìwé

Tí Carl Gustaf bá kú láìbímọ ńkọ́? Ó fẹ́ràn kó máa wa mọ́tò sáré. Ẹni tí ọkọ̀ òfuurufú ti gba ọmọ ẹ̀ lọ, kò ní dá ọkàn lé ẹyọ kan.

Ìyá_Ìbejì

Obìnrin mẹ́rin wà nínú ilé, ẹ̀gbọ́n Carl Gustaf ni gbogbo wọn. Kí wọ́n yí òfin padà fún àwọn yẹn. Ṣebí wọ́n padà yí i nígbà tó wù wọ́n?

Kúnlé_Bergen

January 1980 ni mà. Ó tiẹ̀ pa àwọn kan lẹ́rìn-ín, torí wọ́n ti bí Carl Philip ní May 1979, Àrẹ̀mọ ni fún oṣù díẹ̀, òfin tuntun dé, ó gba ipò lọ́wọ́ ẹ̀ gbé fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Victoria. Carl Philip náà ló fẹ́ Sofia Hellqvist ní June 2015, ẹni tó ti ṣe eré Paradise Hotel lórí tẹlifíṣàn, tó ti ya fọ́tò fún ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin. Ìjọba fọwọ́ sí i, ó di ọmọ ọba, kò sẹ́ni tó gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ọmọ_Mesìọ̀gọ̀

Sigvard ì bá gbọ́ èyí, ì bá tún pe lọ́yà.

Ṣìkẹ́mi_02

Ẹ jọ̀ọ́ ta ló máa ṣí ojú ewé fún Máxima ti Nẹ́dálándì? Bàbá ẹ̀ ti ṣe mínísítà fún àwọn ológun tó gba ìjọba ní Argentina, wọn ò jẹ́ kó wá síbi ìgbéyàwó ọmọ ẹ̀ ní 2002. Ìyàwó Pásítọ̀ máa ní ọ̀rọ̀ láti sọ síbẹ̀.

Ìyàwó_Pásítọ̀

Bàbá ò wá síbi ìgbéyàwó ọmọ kẹ̀? Ẹ ṣí i kíá.